ÌBÉÈRÈ KAN NÍ ỌJÀ ỌBA

Àwọn kan nínú wa rò pé iṣẹ́ ìwádìí kò kan ẹnikẹ́ni bí kò ṣe àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n jókòó láàrin ìwé ní Yunifásítì. Àwa pẹ̀lú rò bẹ́ẹ̀ rí, títí di ọjọ́ tí a mú ìwé àti kálámù lọ sí Ọjà Ọba ní Adó-Èkìtì, tí a sì bi àwọn tí ń tajà ní ìbéèrè kan ṣoṣo: Ta ni ó ni ilẹ̀ tí ẹ jókòó lé yìí?

Ẹni kìíní, tí ń ta ata, dáhùn pé ti Ewì ni, nítorí ọjà ọba kò lè jẹ́ ti ẹlòmíràn. A kọ ọ́ sílẹ̀, a sì pa ìwé dé. Bí kì í bá ṣe pé òjò dá wa dúró ní ìsọ̀ yèyé kan tí ń ta ẹ̀wà, ibẹ̀ ni à bá ti padà sílé. Yèyé yìí ní ọwọ́ ìyá òun ni òun ti jogún ibẹ̀. Ẹni kẹta tí ó gbọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní kí a lọ bi àwọn tí ń gba owó ìsọ̀.

A kọ́kọ́ ń rò ó pé èwo nínú wọn ni ó purọ́. Lẹ́yìn náà ni ó yé wa pé kò sí òpùrọ́ níbẹ̀: èkíní ń sọ ti oyè, èkejì ń sọ ti ogún, ẹ̀kẹta ń sọ ti ìjọba. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó bá mú ìdáhùn kan ṣoṣo lọ sí kíláàsì, irọ́ ni yóò fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Irú ìbéèrè yìí ni òyìnbó kan, P. C. Lloyd, béèrè ní Oǹdó, Ìjẹ̀bú, Adó-Èkìtì àti Ẹ̀gbá, kí ìwé rẹ̀, Yoruba Land Law, tó jáde ní 1962. Ó rí i pé ní Adó, ìdílé bàbá ni ènìyàn fi ń ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀, ṣùgbọ́n ní Ìjẹ̀bú àti Oǹdó, a lè gba ọ̀nà ìyá pẹ̀lú. Ẹ wò ó, ẹ̀yin ará: bí ó bá jẹ́ pé Adó nìkan ni ó dé, ì bá wí pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo Yorùbá ń ṣe, ẹlòmíràn ì bá sì fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba ogún lọ́wọ́ ọmọ Ìjẹ̀bú tí ó tọ́ sí nípa ìyá rẹ̀. (Òtítọ́ ni pé yèyé ẹlẹ́wà ní ọ̀dọ̀ ìyá ni òun ti jogún, ní Adó kan náà, ṣùgbọ́n ìsọ̀ kì í ṣe oko.)

B. W. Hodder kò béèrè olówó ilẹ̀; ọjọ́ ni ó ń kà. Nínú ìwé tí òun àti U. I. Ukwu tẹ̀ jáde ní 1969, ó fi hàn bí àwọn ọjà ọrọọrún ti ń yípo, tí ọjọ́ èyí kì í bọ́ sí ọjọ́ tọ̀hún ní àgbègbè kan náà. Àwọn ìyá wa mọ èyí tipẹ́. Wọn kò kàn kọ ọ́ sínú ìwé ni. S. A. Akintoye, ọmọ Adó, kọ ti ogun Èkìtì Parapọ̀ ní 1971.

Kíkọ nìkan kò tó. Samuel Johnson parí ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897. Ìwé náà sọnù ní òkè òkun, òun náà sì kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tí ó kù, kò sì jáde títí di 1921. Láti ìgbà tí a ti gbọ́ èyí, ẹ̀dà méjì ni a ń ṣe.

Yèyé ti ní kí a padà wá ka ohun tí a kọ sí òun létí. A lọ ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, “Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ìyá mi kọ́ ni ó kọ́kọ́ jókòó níbí o. Ìyá bàbá mi ni. Òun ni ó fi lé ìyá mi lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n gbé e wọlé ní ìyàwó.” Ilé bàbá náà ni ọ̀rọ̀ padà sí. A pa ohun tí a kọ rẹ́, a sì tún un kọ nínú ẹ̀dà méjèèjì.