Ìgbéléwọ̀n Aṣàtúnṣe nínú Ẹ̀kọ́ Ìṣirò: Bí A Ṣe Lè Wéwèé Rẹ̀

Ìfáárà

Bí olùkọ́ ìṣirò bá ti parí àlàyé rẹ̀ ní kíláàsì, ìbéèrè tí ó sábà máa ń bi àwọn ọmọ ni pé, "Ṣé ó yé yín?" Ìdáhùn tí ó sì máa ń gbà ni pé, "Ó yé wa, sà." Kò sí olùkọ́ tí kò mọ̀ pé ìdáhùn yìí kì í ṣe ẹ̀rí. Ọmọ tí ó yé dáhùn; èyí tí kò yé, tí kò sì fẹ́ kí a fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, bá wọn dáhùn. Ìdánwò òpin táàmù ni ó máa ń tú àṣírí, ṣùgbọ́n nígbà náà ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni bí olùkọ́ ṣe lè wéwèé ìgbéléwọ̀n tí yóò fi mọ òtítọ́ nígbà tí àtúnṣe ṣì ṣeé ṣe. Ẹ̀kọ́ kan lórí ìdá, ní kíláàsì kẹrin ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè Yábàá, Sùúrùlérè àti Múṣin, ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. A ó sì fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kan àwa tí a ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ní èdè Yorùbá gan-an.

Orúkọ wo ni a ó pè é?

Ní ọdún 1967 ni Michael Scriven pín ìgbéléwọ̀n sí oríṣi méjì: èyí tí a fi ń tún iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ ṣe, àti èyí tí a fi ń dá iṣẹ́ tí ó ti parí lẹ́jọ́. Ètò ẹ̀kọ́ ni ó ní lọ́kàn. Ní 1971, Benjamin Bloom àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú ìyàtọ̀ náà wọ inú kíláàsì. Àwọn kan lè fẹ́ pe oríṣi kìíní ní "ìgbéléwọ̀n àárín ẹ̀kọ́", kí wọ́n sì pe èkejì ní "ìgbéléwọ̀n òpin ẹ̀kọ́". Àwọn orúkọ wọ̀nyí rọrùn láti pè, ṣùgbọ́n àkókò ni wọ́n ń tọ́ka sí. Wọn kò tọ́ka sí ohun tí a fẹ́ fi ìgbéléwọ̀n náà ṣe. Ìdánwò tí a ṣe ní àárín táàmù, tí a kọ máàkì rẹ̀ sílẹ̀, tí a kò sì fi tún ohunkóhun ṣe, kì í ṣe oríṣi kìíní rárá. Nítorí náà, "ìgbéléwọ̀n aṣàtúnṣe" àti "ìgbéléwọ̀n aṣèdájọ́" ni a ó máa lò.

Aránṣọ tí ó mọ iṣẹ́ kì í dúró di ọjọ́ ayẹyẹ kí ó tó mọ̀ pé apá bùbá fún oníbàárà rẹ̀. Yóò wọ̀ ọ́ wò nígbà tí òwú rẹ̀ ṣì ṣeé tú. Àwọn àlejò ibi ayẹyẹ lè dá aṣọ náà lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n ìdájọ́ wọn kò lè mú apá rẹ̀ gbòòrò sí i.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì ní orílẹ̀-èdè wa. Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ ti 1977, tí a tún ṣe ní 1981, fẹ́ kí ìgbéléwọ̀n lemọ́lemọ́ dín agbára ìdánwò àṣekágbá kù. Èrò náà dára, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ohun tí ó dà ni ìdánwò kéékèèké tí a ń ro máàkì wọn pọ̀. Ìdájọ́ ẹ̀ẹ̀kan di ìdájọ́ ẹ̀ẹ̀mẹta. Àtúnṣe kò sì sí níbẹ̀.

Ohun tí a ti ṣe rí

Èrò pé kí a dán nǹkan wò kí a tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ kì í ṣe àjèjì ní Èkó. Láti 1962 ni àwọn olùkọ́ àti onímọ̀ ìṣirò láti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí ń lo èdè Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti òkè òkun, ti ń péjọ ní Entebbe, ní Uganda, láti kọ ìwé ìṣirò tuntun tí a ó kọ́kọ́ lò ní kíláàsì kí a tó tún un kọ. Èkó wà lára ibi tí a ti dán àwọn ìwé náà wò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Grace Alele-Williams, tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Chicago ní 1963, tí ó sì kọ́ni ní Yunifásítì Èkó, Àkọkà, láti 1965 sí 1985, wà lára àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà. Ní 1970 ẹ̀wẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí a fi ń kọ́ gbogbo iṣẹ́, ìṣirò pẹ̀lú, ní èdè Yorùbá, tí a sì ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Inú kíláàsì ni a ti ń yẹ àwọn ìwé ètò náà wò tí a sì ti ń tún wọn ṣe.

Ìwéwèé ẹ̀kọ́ kan lórí ìdá

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé iṣẹ́jú 40 ni ẹ̀kọ́ náà, àti pé ọmọ 60 ni ó wà ní kíláàsì. Ìgbésẹ̀ márùn-ún ni olùkọ́ yóò gbé kí ó tó wọlé.

Èkíní, kí ó kọ ète rẹ̀ ní ọ̀nà tí ojú fi lè rí i. "Kí ọmọ mọ ìdá" kò ṣeé wò. "Kí ọmọ lè tọ́ka sí ìdá kan nínú mẹ́rin ohun kan, kí ó sì lè sọ èyí tí ó pọ̀ jù láàárín 1/3 àti 1/4 ohun kan náà" ṣeé wò.

Èkejì, kí ó ronú kan àṣìṣe tí ọmọ lè ṣe àti ohun tí ó ń fà á. Ọmọ lè rò pé ìpín mẹ́rin kò pọn dandan kí wọ́n dọ́gba. Ó lè fi ìpín tí a mú wé èyí tí ó ṣẹ́kù dípò odidi. Ó sì lè sọ pé 1/4 ju 1/3 lọ nítorí pé 4 ju 3 lọ. Ọmọ yìí kan náà ni yóò sọ lọ́la pé 1/2 + 1/3 jẹ́ 2/5.

Ẹ̀kẹta, kí ó ṣe ìbéèrè tí ìdáhùn òdì kọ̀ọ̀kan rẹ̀ yóò tọ́ka sí àṣìṣe kan pàtó. Fún àpẹẹrẹ: "Àwòrán wo ni a ti kun ìdámẹ́rin búrẹ́dì?" A: búrẹ́dì tí a gé sí ọ̀nà mẹ́rin tí ó dọ́gba, tí a kun ọ̀kan. B: èyí tí a gé sí mẹ́rin tí kò dọ́gba, tí a kun ọ̀kan. D: èyí tí a gé sí mẹ́jọ tí ó dọ́gba, tí a kun mẹ́rin. E: èyí tí a gé sí márùn-ún tí ó dọ́gba, tí a kun ọ̀kan, tí ó sì ku mẹ́rin.

Ẹ̀kẹrin, kí ó pinnu ìgbà tí yóò béèrè àti bí yóò ṣe gbọ́ ohùn gbogbo ọmọ. Ó lè jẹ́ ní ìṣẹ́jú karùn-ún, ogún, àti márùndínlógójì. Síléètì dára, bí kò bá sí, ìka tó: ọ̀kan fún A, méjì fún B, mẹ́ta fún D, mẹ́rin fún E. Kí wọ́n di ojú, kí wọ́n sì gbé ìka sí àyà, kí ẹnikẹ́ni má baà wo ti ẹnìkejì.

Ẹ̀karùn-ún, kí ó pinnu ṣáájú ohun tí yóò ṣe sí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan. Bí B bá pọ̀, kí ó mú bébà jáde, kí àwọn ọmọ ká a sí mẹ́rin, kí wọ́n sì gbé ìpín kan lé òmíràn. Bí E bá pọ̀, kí ó padà sí ọ̀rọ̀ odidi: kí ó bu kóńgò gàrí kan sí abọ́ mẹ́rin, kí ó sì bi wọ́n pé kóńgò mélòó ni a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ìgbéléwọ̀n tí kò ní ìgbésẹ̀ yìí kò tíì di aṣàtúnṣe. Irú àṣìṣe àti iye ọmọ tí ó ṣe é ni kí ó kọ sílẹ̀. Kò sí máàkì níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ni, àbí ìṣirò?

A kò tíì sọ ohun tí D wà fún. "Ìdámẹ́rin" ní ìtumọ̀ méjì létí ọmọ: ìpín kan nínú mẹ́rin, tàbí ìpín mẹ́rin. Ọmọ tí ó ti gbọ́ ìdámẹ́wàá ní ṣọ́ọ̀ṣì lè mọ̀ pé ìpín kan ni. Èyí tí kò gbọ́ ọ rí lè mú D, kì í ṣe nítorí pé kò mọ ìṣirò, bí kò ṣe pé ọ̀rọ̀ wa ni ó ṣì í lọ́nà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ Mùsùlùmí tí ó ti gbọ́ pé ìdá kan nínú ogójì ni sàká owó lè má ní ìṣòro pẹ̀lú "ìdá kan nínú mẹ́rin".

Ọ̀nà tí a fi lè mọ̀ kò le. Kí olùkọ́ béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹta: kí ó kọ́kọ́ lo "ìdámẹ́rin", lẹ́yìn náà "ìdá kan nínú mẹ́rin", lẹ́yìn náà kí ó kọ 1/4 sí pátákó. Bí ọmọ bá kùnà ní èkíní tí ó sì yege ní ìyókù, ọ̀rọ̀ ni ó yẹ kí a tún ṣe. Bí ó bá kùnà ní gbogbo rẹ̀, ìṣirò ni a ó tún kọ́. Bákan náà, "nọ́ńbà òkè" àti "nọ́ńbà ìsàlẹ̀" sọ ibi tí nọ́ńbà jókòó sí, wọn kò sọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe. "Iye ìpín tí a mú" àti "iye ìpín odidi" gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a dán méjèèjì wò kí a tó yan ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ní oṣù kọkànlá 2022 ni Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá 2025, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ kéde pé a ti fagi lé ìlànà náà, ó sì fi ìfìdírẹmi àwọn ọmọ nínú àwọn ìdánwò àṣekágbá gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ìgbéléwọ̀n aṣèdájọ́ ni a fi dá èdè lẹ́jọ́. Irú ìgbéléwọ̀n bẹ́ẹ̀ lè sọ pé ọmọ fìdí rẹmi. Kò lè sọ bóyá èdè ni, tàbí ọ̀rọ̀ kan pàtó, tàbí ìwé tí kò tó, tàbí olùkọ́ tí a kò fi èdè náà kọ́ níṣẹ́. Ẹ̀rí tí ó lè yà wọ́n sọ́tọ̀ wà nínú kíláàsì, àwa ni a kò sì kó o jọ.

Ìgúnlẹ̀

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí a má ṣe tẹ ọ̀rọ̀ ìṣirò tuntun kankan sínú ìwé ọmọdé láìjẹ́ pé a ti fi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ dán an wò ní kíláàsì mélòó kan, kí a sì tẹ ìbéèrè náà pẹ̀lú rẹ̀, kí àwọn olùkọ́ mìíràn lè tún un bi. Olùkọ́ ní Múṣin tí ó bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ 22 nínú 60 mú D ti ṣe iṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ tí ó jókòó yí tábìlì ká kò lè bá a ṣe. Kí ó fi ránṣẹ́ sí wa. Àwa ni ó kàn láti tún ọ̀rọ̀ náà ṣe.