Àlàfo Inú Ìwé Àṣẹ Ìwọ̀lú: Bí Ọjọ́ Díẹ̀ Ṣe Lè Pa Ọ̀pọ̀ Ọdún Àtìpó Rẹ́

Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni àlàfo tó máa ń wà láàárín físà kan àti èkejì, àti ohun tí irú àlàfo bẹ́ẹ̀ ń ṣe sí ẹ̀tọ́ ẹni tó fẹ́ gba àṣẹ ìgbélùú láìní gbèdéke ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé onímọ̀ lítíréṣọ̀ ni ó ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ ni ní ìpìlẹ̀: ohun tí àwa ń pè ní ọdún kọ́ ni òfin wọn ń pè ní ọdún. Àwọn òbí tó wà ní Ọ̀wọ̀, ní Ìpele, ní Ìfọ́n àti ní Ìdó-Àní, tí wọ́n ta kòkó, tí wọ́n sì yá owó kún un kí ọmọ wọn lè lọ sí òkèèrè, ní láti mọ ìyàtọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ní agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, àtìpó tó bá fẹ́ dáko, bí àwọn àgbẹ̀ Ìgbìrà tó wà láàárín wa, yóò tọ onílẹ̀ lọ, yóò sì máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Ìṣákọ́lẹ̀ kì í ṣe owó tí a fi ra ilẹ̀. Ẹ̀rí ni pé àtìpó mọ ẹni tó ni ilẹ̀. Bí ó bá pẹ́ kí ó tó san án, onílẹ̀ lè bínú, ó sì lè ránṣẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí ó bá wá bẹ̀bẹ̀, tí ó sì san án, ọ̀rọ̀ tán. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ogún ọjọ́ tó fi pẹ́ ti pa ogún ọdún rẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí ó tilẹ̀ lo ọgọ́ta ọdún, iye ọdún nìkan kò sọ ọ́ di onílẹ̀. Àjọṣe ni àṣà wa ń wò, kì í ka ọjọ́.

Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀ sí èyí. Níbẹ̀, iye ọdún a máa sọ àlejò di ará ilé. Ẹni tó bá gbé ibẹ̀ fún ọdún 10 lábẹ́ òfin, láìjá, lè bèèrè àṣẹ ìgbélùú, bí ó bá mú àwọn ìlànà yòókù ṣẹ. Ọdún tó fi kàwé pẹ̀lú wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ọ̀rọ̀ kékeré náà, 'láìjá', ni ewu wà. Okùn ni wọ́n ka ọdún sí, físà kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìdì kan nínú rẹ̀. Bí físà kan bá parí tí kò sí ohun tó so ó mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e, okùn já nìyẹn. Ẹni náà yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ení, bí kò tilẹ̀ kúrò nínú yàrá rẹ̀, tí kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí á mọ̀ nípa àlàfo yìí.

Èkínní, ẹni tó bá tọrọ físà tuntun kí ti àtijọ́ tó parí kò ní àlàfo. Abala 3C nínú Òfin Ìwọ̀lú ọdún 1971 ni ó mú àṣẹ àtijọ́ gùn títí ìdáhùn yóò fi dé, bí ó tilẹ̀ gba oṣù púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìfàgùn yìí ń dópin bí ẹni náà bá jáde kúrò ní ìlú. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa gan-an. Bí bàbá bá kú ní Ọ̀wọ̀, àrẹ̀mọ ni a ń retí níbi ìsìnkú. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Síbẹ̀, bí físà ọmọ náà bá ti parí, tí ìdáhùn kò sì tíì dé, ìrìn tí ó fi wá sin bàbá rẹ̀ lè já okùn ọdún mẹ́sàn-án.

Èkejì, òfin ní ojú àánú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ìwọ̀n. Títí di ọdún 2016, a máa ń fojú fo ọjọ́ 28 tí ènìyàn bá fi pẹ́. Láti ọjọ́ 24, oṣù kọkànlá ọdún náà, ó di ọjọ́ 14, ẹni tó pẹ́ sì sábà ní láti fi hàn pé ohun tó ju agbára òun lọ ló fà á. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìdáríjì yìí sọ ọjọ́ náà di ọjọ́ rere. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2023, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ ṣe ìdájọ́ pé irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í já okùn, ṣùgbọ́n kì í gùn ún. A dárí jì í, a kò kà á.

Ẹ̀kẹta, físà lè wà lọ́wọ́ kí àlàfo sì wà. Ẹni tó bá lo ju ọjọ́ 180 lọ lẹ́yìn odi láàárín oṣù 12 lè pàdánù ìtẹ̀léra ọdún rẹ̀. Láti ọjọ́ 11, oṣù kẹrin ọdún 2024, irú ìṣirò yìí ni a ń lò fún ìlànà ọdún 10. Láti ọjọ́ kan náà, wọn kì í ka ìgbà tí ènìyàn fi jẹ́ àlejò abẹniwò mọ́ ọn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òyìnbó nìkan ni ó mọ irú ìṣirò yìí. Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Gáná fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti gba ìwé tàbí kí wọ́n kúrò. Àwọn oníṣòwò Yorùbá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Èjìgbò àti Ọ̀fà, tí àwọn mìíràn nínú wọn bí ọmọ tí wọ́n sì kọ́lé níbẹ̀, wá mọ̀ pé ọdún tí kò ní ìwé kò ní iye. Àwa náà sì san án padà: ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, ìjọba Shehu Shagari fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì kan náà. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣe ní ọdún 1979 ti gbà wọ́n láyè láti wọlé fún ọjọ́ 90 láìní físà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kọjá ọjọ́ náà, ti àdúgbò tí wọ́n ń gbé kò sì bi wọ́n léèrè.

Ohun tí mo rí dì mú ni èyí. Àtìpó tó bá gbé òfin ìṣákọ́lẹ̀ lọ́kàn lọ sí ìlú tí a ti ń ka ọjọ́ yóò gbẹ́kẹ̀ lé ìwà rere rẹ̀, nígbà tí ohun tí wọn yóò béèrè jẹ́ ọjọ́ tó wà lórí ìwé. Ọ̀rọ̀ náà kò ní í rọrùn sí i. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde èrò rẹ̀ láti sọ ọdún 5 tó jẹ́ ti ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ di 10. Bí okùn bá sì ti gùn tó ni ibi tó ti lè já ṣe ń pọ̀ sí i.

Nítorí náà, kí àwọn ọmọ wa tọrọ físà kí èyí tó wà lọ́wọ́ wọn tó parí, kí wọ́n sì tọ́jú gbogbo lẹ́tà tí wọ́n bá gbà. Àwa tí a wà nílé pẹ̀lú ní ipa tiwa. Kí á tó ránṣẹ́ pe ọmọ wá sí ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ bi í pé ibo ni ìwé rẹ̀ dé. Bí ó bá ní òun kò lè wá, kí á má ṣe sọ pé ó ti gbàgbé ilé.