Yíyan Ẹ̀rọ Agbóhùnsókè fún Gìtá Báàsì

Irú ẹ̀rọ agbóhùnsókè kan wà fún gìtá báàsì tí ó ní fáàfù àti tìránsísítọ̀ pọ̀ ní ibi tí ohùn ti kọ́kọ́ ń wọlé. Fáàfù dà bí gílóòbù kékeré tí ń gbóná. Ohùn rẹ̀ a máa kún, a sì máa há díẹ̀ bí a bá ta okùn kíkankíkan. Ohùn tìránsísítọ̀ a máa já gaara. Lára Hartke HA3500, ọ̀tọ̀ ni kókó tí a ń yí fún ọ̀kọ̀ọ̀kan; olórin lè pò wọ́n bí ó ti fẹ́.

Kí ẹni tí ó fẹ́ rà á dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀ ná. Lẹ́yìn náà, kí ó wo iye óòmù tí ẹ̀rọ náà lè gbé. Wáàtì 350 ni HA3500 ń pèsè fún sípíkà olóòmù 4, àti 240 fún olóòmù 8. Bí a bá so olóòmù 8 méjì ní ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́, wọ́n di óòmù 4. Ẹ̀rọ náà lè gbé e. Ṣùgbọ́n olóòmù 4 méjì a di 2. Èyí lè bà á jẹ́.

Nítorí náà, kí etí yan ohùn, kí ojú ka óòmù, kí ọwọ́ tó sanwó.