Ẹ Má Jẹ́ Kí Fídíò Ìdílé Yín Ṣègbé Sínú Káàdì

Ní ìgbà kan, bí a bá ń ṣe ìgbéyàwó tàbí ìkómọ, ẹni tó ń ya fídíò ni a máa ń lọ háyà. Yóò gbé kámẹ́rà ńlá lé èjìká, yóò tan iná rẹ̀ sí wa lójú, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan yóò sì gbé kásẹ́ẹ̀tì wá fún wa. Lónìí, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ní kámẹ́rà tí a lè fi àtẹ́lẹwọ́ bò mọ́lẹ̀. Ọmọ lè so ó mọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀, bàbá lè so ó mọ́ àyà, a sì lè gbé e wọ inú odò lọ.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí a bi yín ní ìbéèrè kan: àwọn fídíò tí ẹ yà ní ọdún tó kọjá, níbo ni wọ́n wà? Nínú ọ̀pọ̀ ilé, inú káàdì kámẹ́rà ni wọ́n ṣì wà. Kò sí ẹni tó wò wọ́n. Nígbà tí káàdì bá kún, ẹnì kan yóò pa wọ́n rẹ́ kí àyè lè wà fún òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni ohùn ìyá àgbà tó ń sọ ìtàn ìdílé ṣe ń lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ ọmọ ṣe ń sọnù. Owó lè ra kámẹ́rà mìíràn, ṣùgbọ́n kò lè ra ọjọ́ náà padà.

IBI TÍ KÁMẸ́RÀ YÌÍ TI WÁ

Ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Nick Woodman ló dá ilé iṣẹ́ GoPro sílẹ̀ ní 2002. Ó fẹ́ràn láti máa fi pákó gun ìgbì òkun, ó sì ń wá ọ̀nà tí yóò fi ya àwòrán ara rẹ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí omi. Kámẹ́rà àkọ́kọ́ tí wọ́n tà ní 2004 kì í tilẹ̀ í ṣe ti fídíò. Fíìmù onímílímítà 35 ni wọ́n ń fi sínú rẹ̀, ọrùn ọwọ́ ni wọ́n sì ń dè é mọ́. Èyí tó jáde ní 2006 lè ya fídíò, ṣùgbọ́n fún ìṣẹ́jú àáyá 10 péré. Nígbà tó fi máa di 2014, HERO4 Black ti ń ya fídíò tí à ń pè ní 4K, àwòrán 30 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn bíi DJI àti Insta360 náà ti ń ṣe irú rẹ̀.

ÌDÍ TÍ KỌ̀ǸPÚTÀ FI Ń KÓLÒLÒ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti gbìyànjú láti wo fídíò yìí lórí kọ̀ǹpútà ilé, tí àwòrán ń dúró, tó ń fò, tí ohùn sì ń ṣáájú àwòrán lọ. Wọ́n rò pé kámẹ́rà ti bàjẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwòrán kan ṣoṣo nínú fídíò 4K ní àmì tíntìntín 3,840 ní ìbú àti 2,160 ní òró. Àpapọ̀ rẹ̀ ju mílíọ̀nù 8 lọ, bẹ́ẹ̀ 30 irú rẹ̀ ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kámẹ́rà kò lè tọ́jú gbogbo rẹ̀ bó ṣe wà, nítorí náà ó máa ń fún un pọ̀. Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀: H.264 àti H.265, tí wọ́n tún ń pè ní HEVC. Èkejì yìí ń fún fídíò pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, fáìlì rẹ̀ sì kéré sí i, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ṣe wàhálà gan-an kí ó tó tú u. Bí kọ̀ǹpútà yín bá ti dàgbà díẹ̀, tí kámẹ́rà yín sì fún yín láyè láti yan èyí tí ẹ fẹ́, ẹ yan H.264.

Ẹ tún ṣe ìṣirò yìí. Bí kámẹ́rà bá ń kọ mẹ́gábíìtì 60 sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, mẹ́gábáìtì 7.5 nìyẹn. Ìṣẹ́jú kan yóò gba mẹ́gábáìtì 450, wákàtí kan yóò sì gba gígábáìtì 27. Ta ni yóò fi irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹbí lórí dátà tí a ń fi owó rà?

Ẹ KỌ́KỌ́ KÓ O KÚRÒ NÍNÚ KÁÀDÌ

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gé fídíò nígbà tó ṣì wà nínú káàdì. Ẹ ṣí fólídà kan lórí kọ̀ǹpútà, ẹ kọ ọjọ́ àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lára, kí ẹ sì da gbogbo fáìlì náà síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí mélòó kan wò kí ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́ nínú káàdì.

Ohun kan wà tó máa ń da àwọn ènìyàn láàmú. Lórí ọ̀pọ̀ káàdì, fáìlì kan kò lè ju gígábáìtì 4 lọ, nítorí náà kámẹ́rà máa ń gé fídíò tó gùn sí ọ̀nà púpọ̀. Lórí GoPro, ẹ lè rí GH010034, GH010035 àti GH020034. Bí ẹ bá tò wọ́n bí kọ̀ǹpútà ṣe tò wọ́n, ìtàn yóò dàrú, nítorí pé apá kejì fídíò 0034 yóò wá lẹ́yìn fídíò 0035. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn: àwọn tó bá bára mu ni fídíò kan náà. Nọ́ńbà méjì tó ṣáájú wọn ló ń sọ apá tó jẹ́.

GÍGÉ ÀTI SÍSOPỌ̀

Ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Shotcut ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux, ọ̀fẹ́ sì ni. DaVinci Resolve náà ní ti ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tó lágbára ló ń fẹ́. Méjèèjì ló lè ṣe ẹ̀dà kékeré fún fídíò ńlá. Proxy ni wọ́n ń pe irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀, a sì lè pè é ní aṣojú. Aṣojú ni ẹ ó máa gé tí ẹ ó máa tò, èyí tó fúyẹ́ fún kọ̀ǹpútà. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ètò náà yóò padà lọ mú fídíò gidi láti fi ṣe àṣepé. Ẹ máa fi iṣẹ́ yín pamọ́ lóòrèkóòrè, nítorí iná lè lọ nígbàkúùgbà.

Nínú wákàtí kan tí ẹ yà, ìṣẹ́jú márùn-ún lè tó fún àwọn tí yóò wò ó. Ẹ wo gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì sàmì sí ibi tí ẹnì kan ti rẹ́rìn-ín, tó ti sọ̀rọ̀, tàbí tó ti ṣe ohun tí kò ṣe rí. Ẹ yọ ibi tí kámẹ́rà ti ń wo ilẹ̀ kúrò. Bí ẹ bá fẹ́ kí ìṣíkiri kan lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ ti gbọ́dọ̀ yà á ní àwòrán 120 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ bá wá fi í hàn ní 30, yóò falẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin láìfò.

Bí iná gílóòbù bá ń ṣẹ́jú nínú fídíò tí ẹ yà sínú ilé, ẹ wo ètò inú kámẹ́rà. Iná mànàmáná Nàìjíríà àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 50Hz, ti Amẹ́ríkà sì jẹ́ 60Hz. Ẹ yan èyí tó bá ibi tí ẹ wà mu.

Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi orin bo ohùn mọ́lẹ̀. Níbi tí àgbàlagbà bá ti ń sọ̀rọ̀, ẹ rẹ orin sílẹ̀ tàbí kí ẹ yọ ọ́ kúrò pátápátá. Lọ́jọ́ iwájú, ohùn yẹn ni àwọn ọmọ yóò máa wá.

KÍ Ẹ TÓ FI RÁNṢẸ́

Ẹ ṣe ẹ̀dà 1080p fún pínpín. Ní mẹ́gábíìtì 10 fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ìṣẹ́jú márùn-ún yóò gba nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 375. Bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí fídíò lásán, WhatsApp yóò tún un fún pọ̀, àwòrán yóò sì ṣú. Bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ bí ìwé, ìyẹn document, kò ní yí i padà. Láti 2022 ni wọ́n ti gba fáìlì tó tó gígábáìtì 2 láàyè lọ́nà yìí. Ẹ tún lè gbé e sí YouTube láìjẹ́ pé gbogbo ayé rí i. Bí ẹ bá yan Private, àwọn tí ẹ pè nìkan ni yóò rí i. Bí ẹ bá yan Unlisted, ẹnikẹ́ni tí líǹkì náà bá tẹ̀ lọ́wọ́ lè wò ó, ó sì lè fún ẹlòmíràn.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti wá ṣe pàtàkì jù. Àwọn àgbà ní ẹyin ni ohùn. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni fídíò. Bó bá ti kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ kò lè kó o padà mọ́. Ẹ má ṣe fi ìhòòhò ọmọ sínú fídíò, bó ti wù kó kéré tó. Ẹ yọ orúkọ ilé ìwé tó wà lára aṣọ rẹ̀ àti nọ́ńbà ilé yín kúrò. Àwọn kámẹ́rà kan máa ń kọ ibi tí ẹ wà gan-an sínú fáìlì. Ẹ pa GPS wọn bí ẹ kò bá nílò rẹ̀. Bí ìyá àgbà bá sùn lọ lórí àga tí gèlè rẹ̀ sì ṣí, ó lè pa yín lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ bi í léèrè kí ẹ tó fi han ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ ìjà ẹbí ni ìbéèrè kan ṣoṣo lè dènà.

ẸNI TÓ BÁ NÍ Ọ̀KAN, KÒ TÍÌ NÍ

Káàdì kì í ṣe àpótí ìṣúra. Ó lè sọnù, ó sì lè bàjẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ ní ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lórí háàdì dísìkì tí ẹ lè yọ, àti ọ̀kan ní ibòmíràn, bóyá lọ́dọ̀ àbúrò yín ní ìlú mìíràn. Bí olè bá wọlé tàbí bí iná bá jó ilé, ti ìta yóò ṣẹ́ kù.

Ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ tí ẹ ó mọ gbogbo rẹ̀. Ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹ mú káàdì kan ṣoṣo, ẹ pe àwọn ọmọ jókòó, kí ẹ jọ wò ó. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà gé e, kí ìyá àgbà máa dárúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀, kí ẹnì kan sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ orúkọ ló wà tó jẹ́ pé òun nìkan ló ṣì mọ̀ wọ́n.