Ṣé ká gba iléeṣẹ́ tó ń fún owó àtijọ́ ní máàkì gbọ́?

Ní oṣù kẹta ọdún 1962, George Walton, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń ṣa owó àtijọ́ jọ, kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní North Carolina nígbà tó ń lọ síbi ìpàtẹ owó. Lára ohun tó fi sílẹ̀ ni owó onírin sẹ́ǹtì márùn-ún kan tó ní ọdún 1913 lára. Márùn-ún péré ni irú rẹ̀ láyé. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ẹbí rẹ̀ kó ogún náà fún àwọn tó mọ owó kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, èsì tí wọ́n rí gbà ni pé ayédèrú ni, pé ẹnì kan ló yí ọdún ara rẹ̀ padà. Wọ́n bá fi í pamọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù ní Virginia fún nǹkan bí ogójì ọdún. Ọdún 2003 ni ògbóǹtarìgì mẹ́fà kó o pọ̀ mọ́ mẹ́rin yòókù ní Baltimore, tí wọ́n fi wọ́n wé ara wọn lóru, tí wọ́n sì fẹnu kò pé ojúlówó ni. Nígbà tí wọ́n lu ú ní gbàǹjo lọ́dún 2013, iye tó mú wá lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là.

Lọ́dún 1962, kò tíì sí irú iléeṣẹ́ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ẹni tó fẹ́ ra owó àtijọ́ nígbà náà, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó ń tà á ló ní. Bí o bá fẹ́ ta owó rẹ fún oníṣòwò, á ní ìlò ti jẹ ẹ́ lójú. Tó bá di ọ̀la tó ń ta owó kan náà fún ẹlòmíì, ó ti di tuntun. Ìyà yẹn pọ̀ lára àwọn oníbàárà débi pé ní oṣù kejì ọdún 1986, àwọn oníṣòwò kan, David Hall lára wọn, ṣí iléeṣẹ́ PCGS sílẹ̀ ní California. NGC tẹ̀ lé e lọ́dún 1987. Wàá san owó iṣẹ́, wàá fi kọ́ìnì rẹ ránṣẹ́. Ó kéré tán, èèyàn méjì á wò ó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láìmọ ẹni tó ni ín, wọ́n á fún un ní máàkì láàárín 1 sí 70, wọ́n á sì dé e mọ́ inú ike líle pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ máàkì náà sí. Iléeṣẹ́ náà á sì ṣe onídùúró: bó bá hàn lẹ́yìn náà pé ayédèrú ni, tàbí pé máàkì ti pọ̀jù fún un, àwọn ni yóò san àdánù.

Ó dára kéèyàn mọ ibi tí máàkì 1 sí 70 yẹn ti wá. William Sheldon, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ló gbé e jáde nínú ìwé kan lọ́dún 1949, fún kìkì àwọn owó bàbà sẹ́ǹtì kan ti ayé àtijọ́ ní Amẹ́ríkà. Iye owó ọjà ló fi ṣe ìpìlẹ̀: èyí tó gba 70 gbọ́dọ̀ níye lórí ní ìlọ́po àádọ́rin ju èyí tó gba 1 lọ. Ọjà ti yí padà tipẹ́tipẹ́, ṣùgbọ́n àwọn nọ́ńbà náà kò lọ. Mo ń sọ èyí nítorí pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń wo 65 tàbí 66 bí ẹni pé òṣùwọ̀n ni wọ́n gbé e lé. Kò sí òṣùwọ̀n kankan níbẹ̀. Ojú èèyàn ni, ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, lábẹ́ iná kan, ní ọjọ́ tí ó ti wo ọgọ́rọ̀ọ̀rún owó mìíràn.

Nítorí náà, ìbéèrè méjì ló wà nínú ìbéèrè kan. Ṣé ojúlówó ni owó yìí? Báwo ló ṣe dára tó? Lórí ti àkọ́kọ́, èmi á ní ká gbà wọ́n gbọ́. Ẹ wo dọ́là fàdákà Morgan tí wọ́n tẹ̀ ní San Francisco lọ́dún 1893. 100,000 péré ni wọ́n tẹ̀, ó sì wọ́n gan-an. Àwọn oníjìbìtì á mú dọ́là ọdún kan náà tí wọ́n tẹ̀ ní Philadelphia, wọ́n á lẹ lẹ́tà S kékeré mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó ń ra èyí àkọ́kọ́ rẹ̀ kò lè mọ̀. Ẹni tó ń rí i lójoojúmọ́ mọ àwọn àmì kéékèèké tó wà lára òǹtẹ̀ tí wọ́n lò ní San Francisco lọ́dún náà, á sì mọ̀ kíá.

Àwọn náà máa ń ṣìnà o. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn dọ́là Morgan kan wà tó ní lẹ́tà O tí ó kéré jù, tó yẹ kó fi hàn pé New Orleans ni wọ́n ti tẹ̀ wọ́n lọ́dún 1896, 1900 àti 1902. Àwọn olùkójọ ń wá wọn kiri, PCGS sì ń dé wọn mọ́ inú ike gẹ́gẹ́ bí ojúlówó. Lọ́dún 2005 ni iléeṣẹ́ náà kéde pé ayédèrú ayé àtijọ́ ni wọ́n: òǹtẹ̀ kan náà ló tẹ ẹ̀yìn ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fàdákà gidi ló sì wà nínú wọn. Nígbà tí wọ́n ṣe wọ́n, fàdákà inú dọ́là kan kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì dọ́là lọ, nítorí náà ẹni tó bá fi fàdákà gidi ṣe ayédèrú ṣì ń jèrè. Pé iléeṣẹ́ náà jáde láti sọ ọ́ fúnra rẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kí n ṣì fọkàn tán wọn lórí ìbéèrè àkọ́kọ́.

Ìbéèrè kejì ni owó ti ń sọnù. Dọ́là Morgan tí wọ́n tẹ̀ ní San Francisco lọ́dún 1884 kò wọ́n bí ìlò bá ti jẹ ẹ́ lójú. Èyí tí wọ́n kọ 63 sí lára ń ju 20,000 dọ́là lọ. Nígbà tí nọ́ńbà bá lè ṣe irú ìyàtọ̀ yẹn, àwọn èèyàn á wá nǹkan ṣe sí nọ́ńbà. Àwọn oníṣòwò kan wà tó jẹ́ pé ṣe ni wọ́n ń fọ́ ike, tí wọ́n ń yọ owó inú rẹ̀, tí wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ padà bóyá èèyàn mìíràn á fún un ní máàkì tó ga sí i. Bí kò bá gòkè lónìí, wọ́n á tún gbìyànjú. Owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lè wọ ìwé iléeṣẹ́ bí owó mẹ́rin, kí ẹni tó ń ka ìwé náà máa rò pé irú rẹ̀ pọ̀. Lọ́dún 2010, PCGS gbé àwọn oníṣòwò kan lọ sílé ẹjọ́ lórí ẹ̀sùn pé wọ́n ń tún ojú owó ṣe ní kọ̀rọ̀ kí wọ́n tó fi í ránṣẹ́. Ẹ má sì gbàgbé pé ẹni tó fẹ́ kí máàkì ga ló ń san owó iṣẹ́.

Ìjọba Amẹ́ríkà ti sọ tirẹ̀ nígbà kan rí. Lọ́dún 1990, àjọ FTC fẹ̀sùn kan PCGS pé ìpolówó rẹ̀ ti kọjá òótọ́, pé ó ń jẹ́ kí àwọn èèyàn rò pé ewu ti kúrò nínú fífi owó àtijọ́ ṣòwò. Ọ̀rọ̀ náà parí sí àdéhùn. Ohun tó tún sọ púpọ̀ fún mi ni ohun tí John Albanese ṣe. Ó wà lára àwọn tó dá PCGS sílẹ̀, òun náà ló dá NGC sílẹ̀. Síbẹ̀, lọ́dún 2007, ó dá CAC sílẹ̀ láti máa yẹ owó tó ti wà nínú ike àwọn iléeṣẹ́ méjèèjì wò, kó sì lẹ bébà aláwọ̀ ewé mọ́ èyí tó bá yẹ fún máàkì tí wọ́n fún un. Bí máàkì bá tó láti dá dúró, ta ni ìbá sanwó fún bébà náà?

Lọ́dún 2021, ọwọ́ àwọn olówó ńlá tẹ iléeṣẹ́ méjèèjì: Blackstone ra èyí tó pọ̀ jù nínú iléeṣẹ́ tó ni NGC, àwọn oníṣòwò mìíràn sì ra èyí tó ni PCGS. Mi ò rí ohun tó burú nínú ìyẹn fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń rà mọ ẹni tó ń bá ṣòwò.

Àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké tó ń fún gbogbo owó ní 69 tàbí 70 wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ká ka ike wọn sí ike lásán. Ti àwọn ńlá náà ti ní ayédèrú: láti nǹkan bí ọdún 2008 ni wọ́n ti ń kìlọ̀ nípa ike ayédèrú tó ń ti Ṣáínà wá. Yíyẹ nọ́ńbà ara ike wò lórí ìkànnì iléeṣẹ́ kò tó, nítorí nọ́ńbà owó gidi ni àwọn oníjìbìtì ń jí kọ síbẹ̀. Bí àwòrán bá wà níbẹ̀, ẹ fi ìha àti àbàwọ́n ara owó tó wà lọ́wọ́ yín wé ti inú àwòrán. Lẹ́yìn náà, kí ẹ wo iye tí irú rẹ̀ tà gan-an ní gbàǹjo láìpẹ́, dípò iye tí ẹni tó ń tà á fẹnu sọ.

Ní ti ọ̀nínì, ẹ̀pìnnì àti kọ́bọ̀ olójú ihò tó kù nínú àpótí ìyá àgbà, títí kan ti 1936 tó ní orúkọ Edward Kẹjọ, ọba Gẹ̀ẹ́sì tó fi oyè sílẹ̀ kí ọdún náà tó parí: wọ́n ń fún àwọn náà ní máàkì. Ṣùgbọ́n wọ́n tẹ̀ wọ́n lọ́pọ̀lọpọ̀. Àfi bí ojú rẹ̀ bá ṣì ń dán bí ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, owó iṣẹ́ tí iléeṣẹ́ máa gbà ju iye tí ẹnikẹ́ni máa rà á lọ.