Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Omi tí ń ba ẹ́ńjìnnì píkọ́ọ̀pù oní-dísù jẹ́

Ní Ìfọ̀nyìn, ní ẹkùn Plateau lórílẹ̀-èdè Benin, níbi tí Ìgólò ti kọjú sí Ìdìrókò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, píkọ́ọ̀pù oní-dísù, ìyẹn ọkọ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún ẹrù, wúlò gidigidi fún àgbẹ̀ àti oníṣòwò epo pupa. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀, irú èyí tí Rudolf Diesel ará Jámánì mú ṣiṣẹ́ ní 1897, kò ní púlọ́ọ̀gì tí ń ṣáná bí ti oní-pẹtiróòlù. Afẹ́fẹ́ ni písítìnì ń fún pọ̀ títí yóò fi gbóná kọjá 500°C, tí epo tí a bá fọ́n sínú rẹ̀ yóò sì gbiná fúnra rẹ̀.

Ọ̀tá ẹ́ńjìnnì yìí ni omi àti ìdọ̀tí inú epo, pàápàá epo inú kẹ́ẹ̀gì ẹ̀bá ọ̀nà, nítorí pé ihò injẹ́tọ̀, ìyẹn ẹ̀yà tí ń fọ́n epo, tín-ínrín púpọ̀, epo náà gan-an ni ó sì ń mú kí ẹ̀yà náà máa yọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí omi díẹ̀ fi lè mú un dípẹtà. Omi wúwo ju dísù lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ fílítà, ìyẹn asẹ́ epo, ni ó ń rọ̀ sí, ibẹ̀ ni a sì ti ń tú ìdérí kékeré láti dà á nù. Owó fílítà kéré jọjọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó injẹ́tọ̀, àdánù gbáà sì ni kí a máa ṣahun sí i. Kí awakọ̀ jọ̀wọ́ yẹ fílítà wò kí ó tó gbé ẹrù kúrò ní Ìgólò.