Jẹnẹrétọ̀ tó kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́: Ohun tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò kí ẹ tó pe mẹkáníìkì

Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, Ìsẹ̀-Èkìtì, Èmùré-Èkìtì àti àwọn abúlé tó yí wọn ká, ariwo jẹnẹrétọ̀ kéékèèké ni etí máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Aránṣọ ń lò ó, onígbàjámọ̀ ń lò ó, ẹni tó ń ta omi tútù ń lò ó. Àwọn ìyá tó ń din gààrí náà ń lo irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ láti yí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́.

Kì í ṣe pé owó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Kí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú tó kéde ní ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, lítà bẹntiróò kan kò tó 200 náírà ní iye tí ìjọba fi lé e. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti lé ní 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ilé epo. Nítorí náà, jẹnẹrétọ̀ tó ń mu epo ju bó ṣe yẹ lọ, tí wọ́n sì ń gbé lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì lóṣooṣù, gbèsè ló jẹ́ sí ọrùn olówó rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú àìsàn tó ń ṣe é kò ju ohun tí onílé lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe lọ.

Ẹ mọ irú èyí tí ẹ ní

Oríṣi méjì ló wà. Èkíní ni èyí kékeré tí àwọn ènìyàn sọ ní "I better pass my neighbour". Kò ní ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí lọ́tọ̀. Inú epo ni wọ́n ti ń po ọ́ìlì rẹ̀ mọ́ ọn. Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ ni ìdá kan ọ́ìlì sí ìdá 50 bẹntiróò. Bí ẹ bá ra lítà epo márùn-ún, ọ́ìlì 100ml ló máa gbà. Ìgò oògùn ikọ́ tí wọ́n kọ 100ml sí lára, tí ẹ ti fọ̀ tó sì ti gbẹ, tó láti fi wọ̀n ọ́n. Bí ọ́ìlì bá kéré jù, ẹ́ńjìnnì yóò gan. Bó bá pọ̀ jù, èéfín yóò bo àdúgbò, púlọ́ọ̀gì yóò sì máa dọ̀tí.

Èkejì ni èyí tó tóbi díẹ̀, tí ọ́ìlì rẹ̀ wà nínú ikùn ẹ́ńjìnnì. Ẹ má ṣe po ọ́ìlì mọ́ epo tirẹ̀ rárá. Ẹ máa wo ọ́ìlì náà kí ẹ tó tan án lójoojúmọ́, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Bó bá jẹ́ tuntun, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lẹ́yìn 20 wákàtí àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ní gbogbo 100 wákàtí tàbí oṣù mẹ́fà.

Bó bá kọ̀ tí kò dáhùn

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fa okùn títí apá yóò fi ro yín. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá epo wà nínú rẹ̀, bóyá ẹ ti ṣí ẹnu epo, àti bóyá ẹ ti tan bọ́tìnì rẹ̀. Nínú oríṣi kejì, ẹ wo ọ́ìlì, nítorí púpọ̀ nínú wọn ni kò ní dáhùn bí ọ́ìlì bá ti lọ sílẹ̀. Ṣe ni wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì má baà bàjẹ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tú púlọ́ọ̀gì. Bó bá tutù fún epo, epo ti pọ̀ jù nínú ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Ẹ pa bọ́tìnì, ẹ nu púlọ́ọ̀gì gbẹ, ẹ fa okùn bíi ìgbà mẹ́ta kí epo tó wà nínú rẹ̀ lè jáde, kí ẹ tó dá a padà. Bó bá dúdú bí èédú, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì nù ún. Ṣùgbọ́n bó bá gbẹ táútáú lẹ́yìn tí ẹ ti fa okùn púpọ̀, epo kò dé ibẹ̀ ni. Kabúrétọ̀ ló yẹ kí ẹ fura sí.

Epo tó pẹ́ ló sábà máa ń ba kabúrétọ̀ jẹ́. Bẹntiróò tó bá ti lé ní oṣù kan nínú jẹnẹrétọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dì bí oje igi, yóò sì dí ihò tín-ín-rín tí epo ń gbà. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Kánádà mọ èyí dáadáa, nítorí irú ẹ́ńjìnnì yìí ló wà lára ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Bí ìgbà òtútù bá ti parí, wọ́n á fa epo inú rẹ̀ gbẹ kí wọ́n tó gbé e pamọ́. Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá fẹ́ rìnrìn àjò, ẹ ti ẹnu epo, kí ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí yóò fi kú fúnra rẹ̀.

Ní àkókò ọyẹ́, eruku ni ọ̀tá. Fóòmù tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì yóò dí, èéfín dúdú yóò máa jáde, epo yóò sì máa tán kíákíá. Ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ kán ọ́ìlì díẹ̀ sí i, kí ẹ fún un dáadáa kí ẹ tó dá a padà.

Ẹ̀yin tó ń rin ẹ̀gẹ́, bí bẹ́líìtì bá ń yọ̀, ẹ má ṣe fi ọwọ́ kàn án nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Ẹ pa á, kí ẹ sì yọ wáyà orí púlọ́ọ̀gì kó má baà ṣèèṣì dáhùn mọ́ yín lọ́wọ́.

Èyí tó ń pa ènìyàn

Kí ojú má ríbi, gbogbo ara loògùn rẹ̀. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ní májèlé kan nínú tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Ó ti pa odindi ìdílé mọ́ ojú oorun ní orílẹ̀-èdè yìí. Ẹ má ṣe tan jẹnẹrétọ̀ sí inú yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ilé ìdáná, kódà bí fèrèsé bá ṣí sílẹ̀. Ó yẹ kó jìnnà sí ilé tó 20 ẹsẹ̀ bàtà, kí ẹnu sàláńsà rẹ̀ sì kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé. Bí orí bá ń fọ́ yín, tí òòyì ń kọ́ yín tàbí tí èébì ń gbé yín nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ jáde síta kíákíá, kí ẹ sì lọ sí ilé-ìwòsàn. Bí jẹnẹrétọ̀ bá gbóná, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó da epo sí i. Iná kì í sọ fún ènìyàn pé òun ń bọ̀.

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tí kò sì dáhùn, tàbí tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n tí kò gbé iná jáde, ìgbà náà ló tó kí ẹ pe oníṣẹ́. Ẹ sọ ohun tí ẹ ti yẹ̀ wò fún un. Oníṣẹ́ kì í lè fi nǹkan púpọ̀ tan ẹni tó bá mọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ.